Láti orí òkè Cordillera dé etíkun Ilocos: owó mi, ojú mi, ẹnu mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìrìn-àjò Filipínì yìí dáa, owó tí mo san ò dùn mí, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdajì ti òkè ni mò ń wí. Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, òkè á gba mẹ́rin nínú márùn-ún, òkun á gba méjì, ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé òkun tí wọ́n fi wàdùwàdù mú wa gbà kọjá yẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo nǹkan tí mo rí lórí òkè yé mi.

Ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Baguio ló gbé wa, ẹ má bi mí lórúkọ wọn o, mi ò wá wàhálà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, ẹni tó bá sì mọ wọ́ọ̀dù London mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn ọmọ Filipínì la kún ibẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ oúnjẹ wọn ní yàrá ìsinmi wa lóru. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ilocos, ló kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá máa lọ sílùú àwọn, kí n má lọ na ara sórí iyanrìn lásán bíi tàwọn òyìnbó, kí n gba orí òkè wọlé kí n gba etí òkun jáde. Ohun tí mo wá kiri nìyẹn, ilé-iṣẹ́ yìí nìkan ni mo rí tó ní ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nínú ètò kan ṣoṣo.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a máa gbéra ní Baguio lọ sí Sagada, Bontoc, Banaue àti Batad, ká wá padà gba Bontoc, ká já sí Cervantes, ká sọ̀kalẹ̀ sí Tagudin létí òkun, ká tẹ̀lé etí òkun lọ sí Vigan títí dé Pasuquin ní Ilocos Norte. Mọ́tò, ibi tí a máa sùn, oúnjẹ àárọ̀ àti amọ̀nà wà nínú owó. Ohun tí wọn ò kọ ni pé ní Sagada dandan ni kí àlejò forúkọ sílẹ̀ kó san owó ìlú, kó tún san owó amọ̀nà ìbílẹ̀ kó tó lè wọ àwọn ihò àpáta àti ibi tí wọ́n kan pósí òkú mọ́ àpáta. Mi ò bá ìlú jà, owó tó tọ́ sí wọn ni, ó ń lọ sápò àwọn ọmọ ibẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ni mò ń bá wí, ẹ sọ fún èèyàn kó tó kúrò nílé kó mọ iye tó máa ṣẹ́ sí owó ìlú wọn, àbí kí ni ń bẹ nínú ìyẹn?

Fún ẹni tí ò bá mọ̀: tí wọ́n bá dárúkọ Filipínì, òkun ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, kò sì burú, torí erékùṣù 7,641 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àríwá Luzon tó jẹ́ erékùṣù tó tóbi jù, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Cordillera, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀, Abra, Apayao, Benguet, Ifugao, Kalinga àti Mountain Province, pẹ̀lú ìlú Baguio, òun nìkan sì ni ẹkùn tí òkun ò kàn níbì kankan ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn. Mount Pulag tó ga jù níbẹ̀ lé ní mítà 2,900. Ní ìwọ̀ oòrùn òkè yìí, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín ẹsẹ̀ òkè àti òkun, ibẹ̀ ni Ilocos. Ibòmíràn wà tẹ́ ẹ ti lè dúró sínú oko kẹ́ ẹ máa wo òkè ní ọ̀tún, kẹ́ ẹ máa wo omi ní òsì, ilẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Baguio fúnra ẹ̀, ẹ má retí púpọ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ bíi ibi tí wọ́n á máa sá oòrùn Manila lọ, ọkọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni ọjà alẹ́ Harrison Road, òkìríkà rẹpẹtẹ, ibẹ̀ ni mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì tó gba ẹ̀mí mi là lórí òkè, torí mo ti di báàgì mi bí ẹni ń lọ sí bíìṣì. Ọ̀nà Halsema tó gbé wa kúrò níbẹ̀ nìkan tó owó tí mo san. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n gé e gbà, ní Atok wọ́n ri pátákó kan mọ́lẹ̀ tó ní mítà 2,255 la wà sókè, ó sì ti pẹ́ tí ibẹ̀ fi jẹ́ títì tó ga jù ní gbogbo ìlú náà kí ti Tinoc ní Ifugao tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìkùukùu wà nísàlẹ̀ wa. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún òyìnbó, gbogbo ohun tí ooru kì í jẹ́ kó hù dáadáa ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà bíi pé èèyàn lè ṣubú kúrò nínú oko ẹ̀. Dírẹ́bà wa ò sáré, kò fọwọ́ kan fóònù, kò bá ẹnikẹ́ni jà lójú ọ̀nà. Tí ilé-iṣẹ́ yẹn bá ń ka èyí, ẹ fi owó kún owó oṣù ọkùnrin yẹn.

Sagada wàyí. Ilé tí wọ́n fi wá sí mọ́, omi gbígbóná ń wá nígbà tó bá wù ú, aṣọ ìbora nípọn. Ìyá tó ni ilé sọ pé òun máa se etag fún wa, mo sì tẹ̀lé e dé ilé ìdáná. Lókè ààrò, àwọn ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ so mọ́ okùn bí aṣọ tí wọ́n sá, ara wọn ti dúdú fún èéfín, ó já ọ̀kan, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn ẹ̀, bó ṣe là á báyìí, inú ẹ̀ pupa rúsúrúsú, òórùn ẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Iyọ̀ ni wọ́n fi pa á lára kó tó dé orí èéfín, ibòmíràn oòrùn ni wọ́n sá a sí. Ó jù ú sínú ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n ń pè ní pinikpikan. Adìẹ yẹn, kí n sọ òótọ́ fún yín, wọ́n máa ń fi igi lù ú láàyè kí wọ́n tó pa á kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde sábẹ́ awọ, mi ò lè wò ó, mo jáde síta. Ẹni tí ò bá fẹ́ kó tètè wí. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, pẹ̀lú òtútù tó wà níta, mo mu ún tán mo tún gbé abọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Etag yẹn ló ṣí mi lójú. Orí òkè ni wọ́n wà, wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀ tí ètùtù tàbí ìnáwó bá dé, fíríìjì ò sí láyé àtijọ́, ẹran gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó bàjẹ́, wọ́n sì ní igi tí wọ́n á fi dáná. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mo bi amọ̀nà wa pé, iyọ̀ ńkọ́? Níbo ni iyọ̀ ti wá lórí òkè? Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìsàlẹ̀ ni, Manang. Díẹ̀ wà nínú omi gbígbóná tó wà ní Mainit lẹ́bàá Bontoc, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ níbẹ̀, Manang, ọkùnrin á jẹ́ Manong, tí mo bá sì ti gbọ́ ọ ara mi á wálẹ̀, torí pé níbi tí wọ́n ti mọ àgbà ni wọ́n tọ́ mi sí.

Ibi pósí tí gbogbo èèyàn ń lọ ya fótò ní Echo Valley, ẹ ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pósí tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta tó ga, tí wọn ò sin sínú ilẹ̀. Wọ́n ní àgbàlagbà tó ti rí ọmọ-ọmọ ló ń gba irú ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kú. Pósí àtijọ́ kúrú torí ńṣe ni wọ́n máa ń ká òkú jọ bí ọmọ inú oyún. Amọ̀nà wa sọ ti ẹ̀sìn, pé kí àgbà lè súnmọ́ àwọn bàbá ńlá, ó tún sọ pé ẹranko ò ní débẹ̀, omi ò ní débẹ̀. Èmi fi ojú ara mi wò ó, mo rí i pé ibi tó tẹ́ ní àfonífojì yẹn, ìrẹsì ló wà lórí ẹ̀, ẹni tó bá ní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ò ní yá láti fi sin òkú. Mi ò sọ pé ìdí ẹ̀ nìyẹn, mo kàn ń sọ ohun tí mo rí. Ọ̀pọ̀ wọn ti di Kìrìsìtẹ́nì báyìí, ìjọ Anglican ló kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti 1904, òkú orí àpáta ò sì wọ́pọ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ èyí ṣá: ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lọ tan àbẹ́là sórí sàréè àwọn èèyàn wọn, igi páìnì olóje ni àwọn ará Sagada máa ń fi iná sí lórí sàréè tiwọn, gbogbo òkè á mọ́lẹ̀ rokoṣo, èéfín á bo ṣọ́ọ̀ṣì. Àjọ̀dún kan náà ni, ohun tó ń hù nílẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Batad ló gba ìràwọ̀ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn o, bàtà tó dáa ṣe pàtàkì, orúnkún mi ń pariwo nígbà tí à ń gòkè padà. Oko ìrẹsì wọn jẹ́ onípele, ó yí òkè po bí ìjókòó pápá ìṣeré, ògiri òkúta ló gbé pele kọ̀ọ̀kan ró, wọ́n to òkúta yẹn láìsí sìmẹ́ńtì. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ayé ní 1995 pẹ̀lú Bangaan, Mayoyao, Hungduan àti Nagacadan, ní 2001 wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu, ó di ọdún 2012 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Èyí tí gbogbo mọ́tò ń dúró wò ní ẹnu ọ̀nà Banaue, ìyẹn ò sí lára márùn-ún yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ibẹ̀ nìkan tàn yín jẹ.

Amọ̀nà Batad, ọmọ abúlé ni, ó mọ oko kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Ó mú wa lọ bá bàbá kan tó ń tọ́jú ojú omi, mo dúró ti bàbá yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ojú ìṣàn omi kan ló wà níbẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ewé ti dí i, bàbá fi ìka gbọ́n ewé yẹn kúrò, ó yí òkúta kékeré kan díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, omi bá ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bọ́ sí oko tó wà nísàlẹ̀. Oko yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi máa ṣe sọ̀kalẹ̀ láti oko dé oko títí á fi dé odò, ẹni tó wà lókè tó bá dí omi, ebi ló fi pa ẹni ìsàlẹ̀. Lókè gbogbo ẹ̀ ni igbó tí wọ́n ń pè ní muyong wà, ìdílé ìdílé ló ni ín, wọn kì í gé e ní ìgékúgèé torí igbó yẹn ló ń di omi mú. Ẹ̀yin wò ó, pẹ̀lú irú omi báyìí, ta ló fẹ́ dá gbé? Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, lónìí lóko tèmi lọ́la lóko tìrẹ. Ilẹ̀ ò ṣe é pín wẹ́wẹ́ náà, nítorí náà nínú àṣà Ifugao àkọ́bí ló ń jogún oko ìrẹsì, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí obìnrin, mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Ìrẹsì ìbílẹ̀ wọn, tinawon, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń so torí òtútù. Ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí náà àká ṣe pàtàkì ju yàrá lọ, inú ilé náà ni àká wà: ilé orí òpó mẹ́rin, láìlo ìṣó, òpó kọ̀ọ̀kan ní igi róbótó kan lọ́rùn kí eku má bàa lè gòkè, iná tí wọ́n ń dá nínú ilé ló ń fi èéfín gbẹ ìrẹsì àti koríko òrùlé. Orin hudhud tí àwọn obìnrin ń kọ nígbà ìkórè àti níbi àìsùn òkú, UNESCO náà ti mọ̀ nípa ẹ̀ láti 2001, wọn ò kọ ọ́ fún wa, kì í ṣe ìgbà ẹ̀, mo sì yin ilé-iṣẹ́ yìí pé wọn ò lọ kó àwọn ìyá arúgbó jọ láti fi ṣe eré fún àlejò.

Ibi kan tí mo ti bá amọ̀nà ilé-iṣẹ́ jiyàn (kì í ṣe ti abúlé o) ni ọjọ́ orí oko yìí. Ó ní ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ohun tí gbogbo ènìyàn ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Stephen Acabado, onímọ̀ tó ń hú ilẹ̀ wá ìtàn, tó wà ní UCLA, ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú, ohun tó rí ni pé nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn ni oko ìrẹsì olómi yìí gbòòrò, àkókò tí àwọn Spáìn dé, tí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ sá gòkè kúrò lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an tún dùn ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ! Àwọn èèyàn sá wọ inú òkè, ilẹ̀ ò tẹ́, wọ́n wá fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Spáìn lo ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tí wọn ò rí òkè yìí gbà tán, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá aláwo wọn, mumbaki, fi ṣì wà ní Ifugao, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ìlú létí òkun ni ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá jókòó sí láàárín.

Ọ̀nà tí a gbà sọ̀kalẹ̀, Bessang Pass, ló yẹ kí wọ́n fi ṣe ìpolówó. Òkè yìí ti jẹ́ ibi ìsápamọ́ sí fún onírúurú èèyàn. Ní 1899 ni Aguinaldo, ààrẹ wọn nígbà náà, gba Tirad Pass tó wà lágbègbè ibẹ̀ sá fún àwọn Amẹ́ríkà, ọ̀gágun ẹ̀, Gregorio del Pilar, dúró sẹ́yìn láti dí ọ̀nà, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá. Ní 1945 ó tún kan Yamashita, ọ̀gágun Jàpáánù, wọ́n ja ogun Bessang kí wọ́n tó lé e wọ inú lọ, ní Kiangan ló ti jọ̀wọ́ ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ogun tó dé rárá, ọ̀nà ìṣòwò ni àwọn ọ̀nà òkè wọ̀nyí: àwọn ará òkè ń wa wúrà, wọ́n ń gbé e sọ̀kalẹ̀ fún àwọn ará Ilocos, iyọ̀, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti aṣọ ìbora ni wọ́n ń gbé gòkè padà. Iyọ̀ etag mi nìyẹn! Amọ̀nà wa ń sùn nínú mọ́tò nígbà tí à ń kọjá, ọmọ Ilocos tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ fún mi kí n tó kúrò ní London, mo sì ti kà nípa ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ní ìtàn tó dùn tó báyìí lójú ọ̀nà, ni wọ́n jẹ́ kó kọjá báyẹn.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni mo ń bọ́ aṣọ. Igi páìnì tán, ọ̀pàrun dé, àgbọn dé, ooru kọlù wá ní Tagudin. Gbígbẹ tí ibẹ̀ gbẹ, òkè yẹn ló ṣe é: láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà oòrùn wá, amihan, òkè ló ń gba òjò lára ẹ̀, Ilocos tó wà lẹ́yìn òkè kì í rí nǹkan kan. Ẹ̀yin wò ó, ilẹ̀ gbẹ, oòrùn mú, òkun wà nítòsí, kí lèèyàn á ṣe bí kò ṣe iyọ̀? Áyù náà ń ṣe dáadáa níbẹ̀, tábà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn yẹn kò gba gbogbo ọmọ, àwọn ará Ilocos ti ń lọ sẹ́yìn odi tipẹ́, àwọn tó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké ní Hawaii ní 1906, Ilocos ni wọ́n ti kó wọn. Èyí tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ọ̀nà tí àwọn bàbá ẹ̀ là sílẹ̀ ló tọ̀.

Ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́ rèé. Ní orí òkè, ọmọ ìlú ló ń mú wa kiri. Bí a ṣe dé etí òkun, wọ́n yí amọ̀nà padà, wọ́n gbé ọmọ kan wá láti Manila, ọmọ dáadáa ni o, ó lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n Google ló ń kà fún wa. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè á ní “sandali lang po,” ìyẹn ni ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀, á tún wo fóònù. Ètò wọn létí òkun kò ju ya fótò, wẹ̀ nínú omi, jẹun, sùn lọ. Bíi pé àwọn ará òkè nìkan ló ní àṣà, tàwọn ará òkun kò ju ìgbádùn lọ.

Vigan kò burú, mo gbà. Ìlú tí Juan de Salcedo, ọ̀gágun Spáìn, dá sílẹ̀ ní 1572, UNESCO gbà á wọlé ní 1999, ilé àwọn oníṣòwò ló wà lọ́ tibi lọ́ tọ̀hún ní Calle Crisologo, ìsàlẹ̀ jẹ́ òkúta àti bíríkì, òkè jẹ́ pákó, ìkarahun òkun pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ojú fèrèsé dípò gíláàsì. A dúró ní Paoay náà wo ṣọ́ọ̀ṣì tí ògiri ẹ̀ ní ẹsẹ̀ ńláńlá torí ìmìtìtì ilẹ̀, òkúta iyùn inú òkun wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ilé agogo ẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀ kó má bàa wó lé ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni wọ́n fún wa níbẹ̀. Ìṣẹ́jú!

Oúnjẹ wá ńkọ́? Létí òkun ni mo ti jẹun yó jù. Pinakbet wọn, ilá, ìgbá, tòmátì, ejìnrìn, bẹ́ẹ̀ ni, ejìnrìn tí àwa fi ń ṣe àgbo, wọ́n sè é jẹ pẹ̀lú bagoong, ẹja tàbí edé tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ́ sínú ìkòkò títí á fi kan, òórùn ẹ̀ burú bíi ti irú, iṣẹ́ irú náà ló sì ń ṣe nínú ọbẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, Vigan ni wọ́n ti ń mọ ọ́n. Ní òkè, iyọ̀ wọ inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ó wọ inú ẹja.

Pasuquin ni mo ti fi ìbínú yọ. Ó wà nínú ìwé pé a máa rí àwọn tó ń se iyọ̀, amọ̀nà ní àsìkò ti lọ, ká kọjá sí bíìṣì. Mo ní rárá, ẹ dá ọkọ̀ dúró, mo ti rí èéfín lẹ́bàá títì. Ahéré olórùlé páànù ni, páànù ńlá fífẹ̀ wà lórí iná igi, omi òkun tó ti ki ń hó nínú ẹ̀, obìnrin kan ń fi pákó gígùn wọ́ iyọ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi ẹ̀ lè ro kúrò. Ojú ẹ̀ pupa fún èéfín. Ó fi díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ṣì gbóná, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun, mo fi ahọ́n kàn án, kò kan bíi ti inú páálí. Mo ra àpò kan. Àwọn tó ń se iyọ̀ ń dín kù ṣá. Ní 1995 ni ìjọba ṣòfin pé gbogbo iyọ̀ gbọ́dọ̀ ní áyódíìnì, èmi nọ́ọ̀sì ò lè bá ìyẹn jà, gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe eré, pàápàá fún àwọn tó wà lórí òkè, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké tó ń se iyọ̀ ò lówó ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ wọn kógbá sílé. Orílẹ̀-èdè tí òkun yí ká, iyọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé ló wá lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n ń lò. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n tún ṣe òfin mìíràn láti gbé iṣẹ́ iyọ̀ dìde.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù létí òkun, kò sí nínú ètò wọn rárá. Ní ìdájí, níwájú ibi tí a sùn, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n tò sórí iyanrìn, wọ́n ń fa àwọ̀n gígùn kan láti inú òkun, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ iléèwé. Mo bá wọn dì í mú, kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni mí. Ó wúwo gan-an, omi ń fa tiẹ̀, àwa náà ń fa tiwa. Nígbà tó jáde, ẹja kéékèèké ń ta pọ́npọ́n nínú ẹ̀, ẹni tó ni àwọ̀n mú tiẹ̀, àwọn tó fà á mú tiwọn, obìnrin kan sì da ẹja sínú fìlà mi, ó ní, “Tìẹ nìyẹn, Manang.” Ní Batad wọ́n mọ ẹni tó ni pele kọ̀ọ̀kan láti ìran dé ìran. Nínú òkun, ta ló ni ín? Ẹni tó bá bá wa fà á ló ni díẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣì ń ronú ẹ̀ nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè pé a ti pẹ́.

Ṣé kẹ́ ẹ lọ? Ẹ lọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ọmọ Ilocos lẹ fẹ́ kó mú yín kiri létí òkun, mo gbọ́ pé tèèyàn bá béèrè wọ́n á wá a, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ọjọ́ kan kún Pasuquin kí wọ́n yọ ti Baguio kúrò. Ẹ mú owó pépà dání, ẹ̀rọ POS ò ṣiṣẹ́ níbi tó pọ̀, Batad pàápàá. Ẹ má lọ ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ìjì ń jà, ilẹ̀ ń ya lulẹ̀ sórí ọ̀nà Halsema, àwọn tó ń se iyọ̀ ti dáwọ́ dúró. Ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ló dáa jù, ìrẹsì á ti tutù yọ̀yọ̀ lókè, páànù iyọ̀ á ṣì wà lórí iná nísàlẹ̀. Aṣọ òtútù kan péré ti tó, tẹ́ ò bá sì ní, Harrison Road ń bẹ níbẹ̀.